Ta Ni Wèrè Yóò Bù Jẹ?

Bí a bá fi ogún ọdún pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la ó bu ni jẹ? Ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń bi ẹni tó ń fi ìmúrasílẹ̀ jẹ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyí. Iye ọdún inú òwe náà kì í dúró sójú kan: ẹnìkan á ní ọdún mẹ́ta, ẹlòmíì á ní ọgbọ̀n, bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe ń ká olúwarẹ̀ lára tó. Èyí tí kì í yí padà ni ẹni tí òwe ń bá wí. Ẹni tó ń pilẹ̀ ni. Òwe ń sọ fún un pé kó yára, kó jẹ́ kí aráyé rí eyín rẹ̀, a ti dúró pẹ́ jù. A óò rẹ́rìn-ín, a óò mi orí, a óò kọjá lọ, láìsí ẹnìkan tó rántí yà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ bù jẹ kó bi í bóyá òun náà ń kánjú. Èmi ò ní òwe náà kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdajì rẹ̀ la ń pa, ìdajì kejì tí a fi sílẹ̀ sì ni àwọn elétò òde òní rí lò. Ẹ̀rí mi wà níbi méjì: ó wà nínú ọ̀wọ́ ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń kà lákàtúnkà, ó sì wà ní Jeddo, lẹ́bàá Warri.

Orúkọ ìwé náà ni Dune. Frank Herbert, oníròyìn ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ní 1957 ló lọ wo bí ìjọba wọn ṣe ń gbin koríko sórí òkìtì iyanrìn létí òkun ní Oregon, kí iyanrìn má baà máa bo títì àti ilé mọ́lẹ̀. Àròkọ tó fẹ́ kọ lórí rẹ̀ kò jáde títí dòní. Ìwé ńlá ló fi bí. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó lé ní ogún ló da ìwé náà padà fún un. Ẹni tó wá gbà á ní 1965 ni Chilton, tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ìwé bí a ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú di mẹkáníìkì mọ́. Apá kejì jáde ní 1969, ìkẹta ní 1976, ìkẹrin ní 1981, ìkarùn-ún ní 1984, ìkẹfà ní 1985. Ní February 1986, Herbert kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni Arrakis, ayé kan tó jẹ́ kìkì iyanrìn, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n débi pé aṣọ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wọ̀ ló ń gba òógùn ara wọn, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń dá a padà fún wọn mu. Inú iyanrìn yẹn náà ni èròjà kan tó ń jẹ́ melange wà. Ó ń mú ẹ̀mí gùn, àwọn tó ń tukọ̀ láàárín ìràwọ̀ ò sì lè rí ọ̀nà láìlò ó. Ọba ń fẹ́ ẹ, àwọn ìjòyè ń pa ara wọn lé e lórí, àwọn oníṣòwò ń kà á. Fremen ni orúkọ àwọn onílẹ̀. Inú ihò àpáta ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n sípàdé.

Kò sí ohun tí ará Jeddo fẹ́ bi ìwé yìí nínú orí kìíní. Ìjọba ìbílẹ̀ Okpe ní ìpínlẹ̀ Delta ni Jeddo wà, ilé iṣẹ́ ìfọpo Warri tó wà ní Ekpan ò sì jìnnà sí i. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lẹ́yìn 1978, ọdún tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ti mọ̀ kó tó mọ ìwé kà pé ohun kan wà nínú ilẹ̀ tí àlejò fẹ́ràn ju onílẹ̀ lọ, ó sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń wọ ọgbà pẹ̀lú káàdì lọ́rùn àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì. Herbert fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1980 pé CHOAM, ẹgbẹ́ oníṣòwò inú ìwé òun, OPEC ni, àjọ tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1971. Ó tún ní ọ̀wọ́n omi lórí Arrakis ni òun fi ṣe àpèjúwe ọ̀wọ́n epo rọ̀bì. Àwọn òǹkàwé ò gbà fún un. Wọ́n ní melange ni epo, ọ̀rọ̀ sì tán. Bóyá omi ni, bóyá melange ni, àsè kan wà nínú apá kìíní tó kan ará Delta gbọ̀ngbọ̀n. Àṣà àwọn ọlọ́lá Arrakis ni pé bí àlejò bá ń wọlé jẹun, á ki ọwọ́ bọ omi inú abọ́, á da omi sílẹ̀ yàlà, á fi táwẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́, á sì jù ú sílẹ̀. Àwọn alágbe wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń dúró de omi tí wọ́n bá fún jáde lára táwẹ́ẹ̀lì yẹn. Olóyè tuntun, bàbá akọni inú ìtàn, rí i, ojú tì í, ó fòfin de àṣà náà, ó ní kí wọ́n máa bu ife omi kọ̀ọ̀kan fún alágbe tó bá wá. Gbogbo òǹkàwé ló ń yìn ín níbẹ̀. Ó ṣe dáadáa lóòótọ́. Ẹni tó bá ti rí kànga ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ epo gbẹ́ fún ìlú, tí pátákó orúkọ rẹ̀ tóbi ju ẹnu omi lọ, á mọ oore yẹn lójú, á sì mọ̀ pé wọn ò tíì bá alágbe sọ̀rọ̀ melange.

Àwọn tó wá pilẹ̀ wèrè gan-an nínú ìwé náà ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Bene Gesserit. Àádọ́rùn-ún ìran ni wọ́n fi ń so ìdílé pọ̀ mọ́ ìdílé ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n lè bí ọkùnrin kan tí yóò máa rí àná àti ọ̀la, tí yóò sì wà lábẹ́ àṣẹ wọn. Wọ́n tún rán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ sáàárín àwọn tálákà ayé gbogbo láti gbin àsọtẹ́lẹ̀ síbẹ̀ pé olùgbàlà kan ń bọ̀ láti òkèèrè. Wọn ò gbin ín nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́. Wọ́n gbin ín kí ọmọ ẹgbẹ́ tí wàhálà bá bá níbẹ̀ lè rí ibi sá sí. Ètò pé, ìmúrasílẹ̀ pé. Ó wá ku ìran kan péré, wọ́n ní kí obìnrin kan tó ń jẹ́ Jessica bí ọmọbìnrin fún olóyè tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ olóyè náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó bí ọkùnrin. Paul ni ọmọ náà. Nígbà tí ọ̀tá lé òun àti ìyá rẹ̀ wọ aṣálẹ̀, wọ́n bá àwọn Fremen níbẹ̀ tí wọ́n ti ń retí olùgbàlà látọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n gbà á, wọ́n jà fún un, wọ́n fi í jọba lé gbogbo ìràwọ̀ lórí. Ibẹ̀ ni apá kìíní parí sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti pa ìwé dé, tí wọ́n dìde, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí kálukú ń fojú inú rí ara rẹ̀ bíi Paul. Èmi ò tíì gbọ́ ẹni tó ka Dune tán tó ní òun ni Fremen tó kú lọ́jọ́ kejì ogun.

Inú apá kejì ni eyín ti yọ. Ọdún méjìlá ti kọjá, Paul wà lórí ìtẹ́, ó ń bá Stilgar sọ̀rọ̀, Stilgar tó jẹ́ olórí àwọn Fremen tó kọ́kọ́ gbà á sílé. Ó ní kó lọ ka ìtàn àtijọ́. Ó dárúkọ Genghis Khan fún un àti iye mílíọ̀nù tó pa, ó dárúkọ Hitler àti iye tí òun náà pa. Stilgar rò ó wò, iye náà kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni Paul ka tirẹ̀ sílẹ̀: ní ìṣirò tó fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú, èèyàn bílíọ̀nù 61 ló ti kú nínú ogun tí wọ́n ń jà lórúkọ òun, 90 ayé sì ti di ahoro. Mo rò pé ibi tó ń bani lẹ́rù jù nínú ọ̀wọ́ ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyí, kì í sì í ṣe nítorí bílíọ̀nù. Ẹnu tí kò yà Stilgar ló bani lẹ́rù. Àádọ́rùn-ún ìran pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ ìbunijẹ dé, ẹni tí wọ́n ti bù jẹ tẹ́lẹ̀ wá di eyín. Àwọn obìnrin tó pilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n wà láyè, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ekpan. Agbára láti fọ àgbá epo rọ̀bì 100,000 lóòjọ́ ni wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ ìfọpo náà sílẹ̀, wọ́n sì tún gbé e dé 125,000 lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn èyí ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba ń wọlé tí ìjọba ń jáde, tí kálukú ń bá àtúnṣe ńlá nílẹ̀ tó sì ń fi àtúnṣe ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ní 30 December 2024, wọ́n kéde pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà, pé ó ń lo ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ìlú yọ̀. Ní 25 January 2025, ẹ̀rọ tó ń mú epo gbóná ṣe bí kò ṣe yẹ kó ṣe, wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀. Wèrè la ẹnu, ó yán, ó tún ẹnu rẹ̀ pa dé. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀wọ́ ìwé tó gùn ju Dune lọ, kó wo òfin iná gáàsì tó ń jó níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Òfin 1979 ló ní kí iná yẹn kú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1984. 1984 dé, iná ń jó. Wọ́n sún un sí 2008, wọ́n sún un sí 2020, a ti wà ní apá tó ń jẹ́ 2030 báyìí. Ará Warri a máa fọ́nnu pé àwọn kì í kẹ́yìn níbikíbi. Nínú ọ̀rọ̀ ìdúró de ọjọ́ tí iná máa kú, àwọn ló ṣíwájú lóòótọ́.

Níbí gan-an ni òwe wa ti kùnà. Ó fi yé wa pé láàárín ogún ọdún ìpilẹ̀, ara dẹ gbogbo èèyàn, pé ẹ̀yìn ìpilẹ̀ ni ìbunijẹ ń bọ̀. Irọ́ ni. Ní Iwherekan, ní gúúsù Ughelli, àwọn obìnrin máa ń tẹ́ kpókpó gàrí sílẹ̀ nítòsí ibi tí iná gáàsì ti ń jó kí ooru rẹ̀ lè gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa sọ̀rọ̀ rere á ní ẹ ò rí i, iná náà wúlò. Ará ìlú kan gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin, adájọ́ sì dá a ní 14 November 2005 pé iná yẹn tako ẹ̀tọ́ èèyàn láti wà láàyè àti láti níyì. Ìdájọ́ jáde, iná ò kú. Ní October 1998, ọ̀pá epo tó ti Warri lọ sí Kaduna gbaná ní Jesse, àwọn tó kú sì lé ní 1,000 gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà. Ní gbogbo àkókò yìí, bí ẹ bá bi ìjọba, ìpilẹ̀ la ṣì wà, nǹkan ò tíì bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tó ń ṣètò, ọdún ìmúrasílẹ̀ ni 1984 sí 2030. Lójú ìyá tó ń sá kpókpó gàrí, ọdún ìbunijẹ ni.

Wàyí o, ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kí a má ṣètò mọ́ ni? Ohun rere wo ni kò gba àkókò? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fi àpárá dá a lóhùn. Ní 1952, Awokoya, mínísítà ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sílé ìgbìmọ̀. Ní 17 January 1955, ọmọdé wọ kíláàsì. Kò tó ọdún mẹ́ta gbáko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀dà òwe tí àwọn onísùúrù kékeré ń pa mu. Ètò náà sì ní eyín: owó orí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera gorí owó orí, ara sì ta àwọn tó ń san án. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé àwọn tí wọ́n fẹ́ bù jẹ mọ̀ ṣáájú, eyín wà lẹ́nu àwọn náà. Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ Awolowo tó ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn, mọ́lé nílé ara wọn. Awolowo àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní láti padà sọ́dọ̀ ará ìlú lọ ṣàlàyé ara wọn. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn kan náà yìí ni Warri àti gbogbo agbègbè Jeddo wà nígbà yẹn, títí di 1963 tí wọ́n dá Mid-West sílẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Gígùn ètò kọ́ ni mò ń bá jà. Ètò tí ẹni tó máa san gbèsè rẹ̀ ò sí ní yàrá nígbà tí wọ́n ń ṣírò ló ń kọ mí lóminú, ì báà jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, ì báà jẹ́ aláàádọ́rùn-ún ìran. Isaac Asimov, akẹgbẹ́ Herbert, kọ irú rẹ̀ sínú ọ̀wọ́ ìwé Foundation: onímọ̀ ìṣirò kan fẹ́ dín 30,000 ọdún òkùnkùn kù sí 1,000. Ó ṣètò náà, ó sì fi pamọ́ fún gbogbo àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn òǹkàwé ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ìjọba ológun ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, kí ló kàn wá kan ìwé òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, ṣé Fágúnwà ò kọ tiwa ni? Ó kọ ọ́. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní 1949, ó padà sẹ́yìn lọ sọ ìtàn bàbá Àkàrà-Ògùn, akọni ìwé àkọ́kọ́, bí àwọn òǹkọ̀wé àròsọ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣe lónìí tí wọ́n rò pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ilé Fágúnwà bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè mi kò tíì kà á dáadáa. Nínú Ògbójú Ọdẹ, ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó kí ìlú lè dára. Àwọn ọdẹ náà mọ̀ pé ikú lè wà níbẹ̀, wọ́n gbà láti lọ, ìyẹn dára ju ti Bene Gesserit lọ. Kàkó wà lára wọn. Nígbà tó ń lọ, ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kò níí lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá a pa, ó bá ìrìn àjò rere lọ. Ẹni tí ètò ńlá yẹn kọ́kọ́ bù jẹ nìyẹn, wọn ò tíì kúrò nílé. Gbogbo wa la mọ Kàkó títí dòní, ọmọ iléèwé lè pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun. Ìyàwó náà ńkọ́? Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, kọ ọ̀wọ́ ìwé mẹ́ta lórí ìlú Rosewater, ìlú kan ní Nàìjíríà tó hù yí ohun àjèjì kan ká, tí àwọn aláìsàn ń rọ́ wá síbẹ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n lè rí ìwòsàn. Oníṣègùn ọpọlọ ni iṣẹ́ rẹ̀, nínú gbogbo wa òun nìkan ló ní ìwé ẹ̀rí láti sọ̀rọ̀ lórí òwe yìí. Ìlú tó hù yí ohun àjèjì ká kì í ṣe àròsọ fún ẹni tó ń gbé láàárín Ekpan àti Jeddo. Nítorí náà mi ò ka Dune sí ìwé òyìnbó tó gba àyè ìwé wa. Mo kà á sí èyí tí a fi gígùn rẹ̀ ráyè wo ohun tí ìwé kúkúrú máa ń fò kọjá.

Apá kẹrin ló sì wò ó jù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ọdún ti kọjá. Leto, ọmọ Paul, ti di ekòló aṣálẹ̀ tó ní ojú èèyàn, òun sì ni ọba ayé gbogbo láti ìgbà náà. Arrakis ti di ewéko tútù. Odò ń ṣàn. Ohun tí àwọn Fremen ń retí ní apá kìíní gan-an nìyẹn, tí onímọ̀ kan ti ṣírò fún wọn pé yóò gba 300 sí 500 ọdún, tí wọ́n ń tọ́jú omi sínú àpáta kínkín kínkín nítorí rẹ̀. Wọ́n rí omi. Àwọn tó kù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Fremen inú mùsíọ́ọ̀mù. Wọ́n ń wọ aṣọ baba wọn, wọ́n ń ṣe àṣà baba wọn fún àlejò wò, wọn ò mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Oloibiri ní Bayelsa, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí epo tó ṣeé tà ní 1956, kànga epo rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n sì ti ń ṣèlérí fún un ni mùsíọ́ọ̀mù. Bí mo bá jẹ́ akọ̀wé àròsọ, ojú á tì mí láti kọ irú nǹkan yẹn, wọ́n á ní mo jí i wò lára Herbert.

Àtakò tó le jù lọ wà níbí, àwọn tó ti ka ìwé náà dé òpin ló sì ń gbé e wá. Wọ́n ní ètò Leto ṣiṣẹ́. Ó fìyà jẹ aráyé pẹ́ títí tí wọ́n fi sá ká gbogbo ìràwọ̀, tí ọba kankan ò fi ní lè kó wọn jọ pa mọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìran èèyàn ì bá ti parun. Ìbunijẹ náà wá di oògùn. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé ìran èèyàn ì bá ti parun? Leto ni. Ta ló rí ọjọ́ ọ̀la yẹn? Leto nìkan. Òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni adájọ́, òun náà ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Herbert fún un ní ojú tó ń rí ọ̀la, nítorí pé òǹkọ̀wé lágbára láti fúnni ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Kò sí ọba, mínísítà tàbí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ epo kan ní Abuja tó ní i, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: ẹ fara da á, ọ̀la ń bọ̀, àwa ti rí i. Òǹkàwé tó ti fi apá mẹ́fà kọ́ra láti gba ojú Leto gbọ́ á rí i pé kò ṣòro láti gba tiwọn gbọ́. Lẹ́yìn ikú Herbert, Brian ọmọ rẹ̀ àti Kevin J. Anderson ti fi ìwé tó lé ní méjìlá kún un láti 1999, Denis Villeneuve sì ti ṣe apá kìíní ní sinimá méjì, ní 2021 àti 2024. Nínú èkejì, ó jẹ́ kí Chani, ọmọbìnrin Fremen tí Paul fẹ́ràn, yí ẹ̀yìn sí ìtẹ́, kó bínú lọ. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ló ń bínú sí i pé kò mọ oore.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni wọ́n á wá sọ pé nǹkan ti yí padà, pé òfin tuntun ti fún ẹni tí wọ́n ń bù jẹ láyè lórí àga. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí àbá rẹ̀ ti dé ilé ìgbìmọ̀ láti 2008, ọdún mẹ́tàlá ìpilẹ̀. Mo ti gbọ́ ìyìn rẹ̀, ó sì tọ́ sí ìyìn níwọ̀n. Ó ní kí ilé iṣẹ́ tó ń wa epo máa yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná lórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kó fi sínú àpò kan fún ìlú tó gbà á lálejò. Nínú òfin kan náà, bí ẹnikẹ́ni bá ba ọ̀pá epo jẹ́ tàbí tí rògbòdìyàn dá iṣẹ́ dúró ní ìlú náà, inú àpò yẹn ni wọ́n á ti yọ owó àtúnṣe. Àwọn ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ àpò náà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ epo ló ń yàn wọ́n, lẹ́yìn tó bá ti bá ará ìlú fikùn lukùn.